Lẹ́tà, Àtẹ̀jíṣẹ́, WhatsApp àbí Ímeèlì: Èwo Ló Gba Ọ̀rọ̀ Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Sọ?

Ìyá àgbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísàbọ̀, n'Abẹ́òkúta níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tú kókó etí ìró ẹ̀, ó yọ pépà kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ bá ọmọ mi tó wà ní Kánádà sọ. Àbúrò ẹ̀ ní kí n ṣe voice note, bàbá wọn ní kí n ṣáà pè é, èmi wá ń rò ó pé bóyá kó o bá mi kọ lẹ́tà. Èwo ni kí n ṣe?"

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí irú ìbéèrè yìí kì í wọlé tọ̀ mí wá, torí iṣẹ́ táípù àti fótókọ́pì ni mò ń ṣe, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí ẹnì kan tí ò mọ ọ̀nà tó máa gbé e gbà, ọ̀dọ̀ wa ló ń já sí. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí bóyá á ran ẹlòmíì náà lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe èwo ló yá jù tàbí èwo ló náwó jù. Mo máa ń bi wọ́n pé, tí ẹni yẹn bá ti rí ọ̀rọ̀ yín tán, kí lẹ fẹ́ kó fi ṣe? Ṣé kó dá yín lóhùn kíá ni, àbí kó tọ́jú ẹ̀, àbí kó lè gbé e jáde lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ní irọ́ ni? Ibi tí ìdáhùn yẹn bá já sí ni mo fi ń mọ̀ bóyá báírò la máa mú àbí fóònù.

Lẹ́tà ọwọ́ àti WhatsApp

Ìtàn kan wà tó kan ìlú wa níbí tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú n'Ósogùn, òun náà ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Nígbà tó di 1837, tó ti wà ní Sàró (Sierra Leone), ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí àlùfáà òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Jowett, ó sọ bí ogun ṣe wọ̀lú, bí wọ́n ṣe so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, bí òun àti ìyá òun ṣe pínyà. Lẹ́tà yẹn ṣì wà tá à ń kà títí dòní. Àmọ́ ìyá ẹ̀, Àfálà, tó jẹ́ pé òun gan-an lọ̀rọ̀ yẹn kàn jù láyé, ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, kò sí póósì tó ń dé ibi tó wà, kò sì mọ̀wé, nǹkan bí ọdún 25 ni wọ́n ò fi gbúròó ara wọn kí wọ́n tó fojú kan ara wọn n'Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1846. Ìgbàkígbà tí mo bá ronú kàn án ni omi máa ń lé sí mi lójú. Ìwé tó kọ kò bà jẹ́, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀.

Èmi náà ní lẹ́tà kan nílé. Ìyá ìyá mi ló kọ ọ́ sí ìyá mi lọ́dún 1986, àbí kí n ní òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́, torí ọmọ iléèwé kan ládùúgbò ló bá a kọ ọ́. Àdìrẹ ni màmá ń ṣe n'Ítòkú, ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú aró. Pépà fúúsíkáàpù kan ṣoṣo ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, báírò ọmọ yẹn tẹ pépà débi pé tí ẹ bá fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹ̀ ẹ máa mọ ibi tí háràfù kọ̀ọ̀kan wà. Nísàlẹ̀, dípò kí wọ́n sáìnì, màmá tẹ àtàǹpàkò wọn sí i, inú aró ni ìka yẹn sì ti ń bọ̀, kì í ṣe yíǹkì. Búlúù yẹn ò tíì ṣí. Ẹ máa rí àwọn ìlà kéékèèké ara ìka wọn, ẹ máa rí ibi tí ọ̀bẹ ti gé wọn rí tí ìlà wọ̀nyẹn ò fi bá ara wọn mu mọ́.

Ìyá mi fúnra ẹ̀ ní tiẹ̀, voice note ló máa ń ṣe sí mi. Lójoojúmọ́, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti kì mí ní oríkì tán lórí WhatsApp, ó ti gbàdúrà, ó ti bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Lọ́dún 2020 ló kú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ fóònù mi bọ́ sínú omi, mi ò sì ṣe bákọ́ọ̀pù rí láyé mi, gbogbo ẹ̀ lọ, mi ò ní ẹyọ kan báyìí. Mo gbé e lọ fún oríṣiríṣi àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n gbìyànjú, kò jáde. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan padà láàárín lẹ́tà màmá àti ohùn ìyá mi, ohùn yẹn ni mo máa yàn, mi ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé lẹ́tà dáa ju WhatsApp lọ, nǹkan tí kálukú wọn ń ṣe yàtọ̀ síra ni.

Tá a bá wá gbé wọn síra:

Lẹ́tà: ó máa ń pẹ́ lọ́nà, ó lè sọnù, ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà tàbí kó rí ẹni kà á fún un. Àmọ́ tó bá ti dé ọwọ́ ẹ̀, ó ti di tiẹ̀. Kò nílò iná, kò nílò dátà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ò sì lè jókòó síbi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ pa á rẹ́.

WhatsApp: lójú ẹsẹ̀ ló ń dé, ẹ máa mọ̀ tó bá ti kà á, ẹ lè fi fọ́tò, ẹ lè fi ohùn. Àmọ́ inú fóònù ló ń gbé, fóònù sọnù ọ̀rọ̀ sọnù, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe bákọ́ọ̀pù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sì lè pa á rẹ́ lójú yín, látọdún 2017 ni ìyẹn ti ṣeé ṣe, láti 2023 ó tún lè yí ọ̀rọ̀ tó kọ padà láàárín ìṣẹ́jú 15.

Torí ẹ̀, ọ̀rọ̀ pé kí ẹ wá jẹun, pé mo ti dé Lafẹ́nwá, pé mélòó ni yáàdì kan, ẹ gbé e gba WhatsApp jàre. Orúkọ àwọn baba ńlá yín, bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀, ìdí tẹ́ ẹ fi bínú sí ẹ̀gbọ́n yín fún ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ wá dárí jì í, ẹ kọ ọ́ sínú pépà. Voice note tẹ́ ẹ bá sì nífẹ̀ẹ́ sí, ẹ má fi sílẹ̀ sínú fóònù nìkan, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín lónìí, ẹ tún jókòó kọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ sínú ìwé. Ó máa ń gba àkókò, mo mọ̀, àmọ́ ẹ ṣe é.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àti voice note, pàápàá fún àgbà

Àwọn ọ̀dọ́ rò pé àtẹ̀jíṣẹ́, ìyẹn SMS, ti kú, kò kú o. Ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì lóko lápá Ọ̀dẹ̀dá, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ń wá tó ń lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí WhatsApp tó dé. Kò nílò dátà rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ti àmì ohùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba háràfù 160, àmọ́ bẹ́ ẹ bá lè fi ẹyọ ọ kan tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, àyè yẹn á já wálẹ̀ sí 70, torí ọ̀nà míì ni fóònù máa wá fi dì í. Ẹ wá wò ó, ẹ fẹ́ kí ìyá ọkọ yín, ẹ kọ ọ́ pé "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé ara le?", ìkíni nìkan ti jẹ lé ní 40, ẹ ò sì tíì sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Wọ́n á gé e sí méjì sí mẹ́ta, owó ẹ̀ náà á di méjì sí mẹ́ta. Ìyẹn wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001 àti lẹ́yìn ẹ̀, ó wá mọ́ wa lára títí dìsinsìnyí tí WhatsApp ò tiẹ̀ ka iye háràfù sí wa lọ́rùn mọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí WhatsApp ẹ fi àmì sí i, ó kéré tán ẹ fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, kí ẹni tó ń kà á má baà máa méfò bóyá owó lẹ ní àbí ọwọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó kan àkókò tàbí owó, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ilé ìwòsàn, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe, torí ẹni náà lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá láì gbọ́ ọ ṣì. Nọ́ńbà inú voice note máa ń kó èèyàn sí wàhálà, ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa dá a dúró, á máa dá a padà, á wá gbọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìpẹ̀ ni, tàbí ìkíni ìbànújẹ́, tàbí ẹ fẹ́ bẹ àgbà kan, tàbí ẹni yẹn ò lè kàwé, ohùn ni. Àgbà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ l'óhùn yín pé ẹ wólẹ̀. Ẹ ṣáà má ṣe é ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ọ̀kan.

Ẹ tún rántí ẹni tó ń sanwó ẹ̀. Kó tó di 1840 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lẹ sítáǹpù mọ́ lẹ́tà n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí lẹ́tà bá lọ bá ló sábà máa ń sanwó kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́, àwọn mìíràn ò ní lè sanwó náà, lẹ́tà ọ̀hún á padà. Fídíò tó gùn tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí bàbá yín l'Ádátán, dátà tiwọn náà ló ń jẹ kó tó ṣí. Tẹ́ ẹ bá máa fi í ránṣẹ́, ẹ fi dátà ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

Ti àwòrán kéékèèké wọ̀nyẹn náà, ti ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti àtàǹpàkò, ẹ rọra máa fi ránṣẹ́ sí àgbà. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa láti fi nǹkan tí kì í ṣe ìwé sọ̀rọ̀, àrokò ti wà kí àwọn míṣọ́nnárì tó gbé ìwé dé. Owó ẹyọ mẹ́fà tẹ́nì kan so sórí òwú tó fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ ẹ̀, ẹ̀fà ni, ọkàn mi ń fà sí ọ. Tí ìyẹn bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni, bó ṣe rí lára ẹ náà ló jọ pé ó rí lára mi. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀, tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà. Àmọ́ àtẹni tó dì í àtẹni tó ń tú u ló mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o. Àtàǹpàkò tẹ́ ẹ fi dá bàbá yín lóhùn lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí yín, ẹ̀yin gbà pé "mo ti gbọ́ sà" lẹ sọ, àwọn lè gbà pé ẹ ò ráyè tiwọn. Ẹ kọ "Mo ti gbọ́ sà, ẹ ṣeun sà". Kò pẹ́.

Ímeèlì àti lẹ́tà táípù, fún ọ́fíìsì

Níbí ni àwọn oníbàárà mi ti máa ń ṣe àṣìṣe tó ń dùn mí jù. Ẹnì kan á ti fi oṣù mẹ́ta kọ ẹ̀sùn lórí WhatsApp sí òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ ní ọ́fíìsì, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yẹn", kò sí ìdáhùn, kò sì sí nǹkan tó lè mú ṣe ẹ̀rí pé òun kọ̀wé rí. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọ́fíìsì, ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ènìyàn.

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tàbí iṣẹ́ lẹ ń wá, ímeèlì. Ọjọ́ àti wákàtí wà lórí ẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín láéláé, ẹ sì lè so ìwé mọ́ ọn, Gmail ń gbà tó 25MB. Ẹ kọ àkọlé tó nítumọ̀, ẹ má fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ sọ fáìlì yín ní orúkọ yín dípò "Document1", kẹ́ ẹ sì fi PDF ránṣẹ́ kó má baà fọ́n ká lójú ẹni tó bá ṣí i. Ẹni tó bá ní àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì tó ń jẹ́ "sweetboy" kó lọ ṣí òmíì tó jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, ilé ìwé, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ṣì gbé pépà lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì, ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé àwọn ti gbà á mọ́ ìkejì, kí wọ́n kọ déètì sí i, ẹ wá gbé ìkejì yẹn lọ sílé. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan rí, mi ò gba òǹtẹ̀, nígbà tí mo padà dé ibẹ̀ wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan, mo tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, ó jẹ mí ní oṣù méjì.

Ìlú wa gan-an mọ agbára ìwé táípù. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fi orin àti ẹsẹ̀ wọn lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Àmọ́ wọ́n kọ̀wé pẹ̀lú. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sáwọn aláṣẹ, wọ́n kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà káwọn náà lè mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fún wọn. Orin yẹn dùn, ìwé yẹn ni àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ fi sínú fáìlì.

Owó, ilé àti ilẹ̀

Ẹ má yá èèyàn lówó lórí "Ok sir, God bless you". Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ orí fóònù ò wúlò nílé ẹjọ́, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, abala 84 lẹ máa rí i, àmọ́ ó ní àwọn ohun tó ń béèrè kí wọ́n tó gbà á wọlé, ó dẹ̀ máa gba lọ́yà. Pépà kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, tí ẹlẹ́rìí méjì náà fọwọ́ sí, tó ní déètì, iye owó ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, ó rọrùn ju ìyẹn lọ. Rìsíìtì POS tẹ́ ẹ sì ń kó pamọ́, ẹ lọ wò ó báyìí, ó ti ń ṣí, torí pépà yẹn ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sí yíǹkì lára ẹ̀. Ẹ ṣe fótókọ́pì ẹ̀ kó tó funfun.

Ìkéde fún ọ̀pọ̀ èèyàn

Ìpàdé àdúgbò, gírúùpù WhatsApp ti tó, ẹ tún lẹ pépà kan mọ́ ara géètì fún àwọn tí ò sí nínú gírúùpù. Lọ́dún 1859 tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn n'Abẹ́òkúta níbí, ọjọ́ 15-15 ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rà á máa kà. Nínú gírúùpù, ẹnì kan á ti gé ọ̀rọ̀ yẹn, ẹlòmíì á ti fi tiẹ̀ kún un, kó tó dé Òbàntokò ọjọ́ ìpàdé ti yí padà. Ẹ fi déètì, àkókò àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sínú ìkéde yẹn fúnra ẹ̀.

Lẹ́tà ìtọrọ

Èyí ò ní àfirọ́pò, mi ò tiẹ̀ gbé e síra pẹ̀lú nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìdána, àbúrò ìyàwó tàbí ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí ló máa gba lẹ́tà tí ẹbí ọkọ gbé wá, á tú ríbọ́ọ̀nù ẹ̀, á kà á sókè, gbogbo ilé á dákẹ́, alága ìjókòó á sì ti máa bá a pariwo owó ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ẹbí ìyàwó á fún wọn ní ìdáhùn. Ojú-ewé kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó bá jẹ́ Yorùbá lẹbí méjèèjì ń sọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó máa kà á rí i lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó má baà kọsẹ̀ lórí orúkọ. Mo rí ọmọ kan rí tó pe orúkọ bàbá ọkọ bí orúkọ míì, ojú bàbá yẹn ò túká mọ́ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ìyá tó wá n'Ísàbọ̀ ńkọ́? Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ yẹn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Tí mi ò bá sí mọ́, kó mọ ibi tí ilẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kó mọ ẹni tá a jọ pààlà." Mo ní mà, lẹ́tà ni. A bẹ̀rẹ̀, ìkíni nìkan gba ìdajì ojú-ewé torí wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fo ìyàwó àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wá ń dárúkọ igi, odò, orúkọ àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ojú-ewé méjì ni. Wọ́n fọwọ́ sí i, ọkọ wọn náà wá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì. A ya fọ́tò ẹ̀, a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n wá ṣe voice note kan tẹ̀lé e nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbẹ̀, pé "Àkànní, ka ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ yẹn, tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o fi pamọ́." Ojúlówó ẹ̀ wà nínú fáìlì onírọ́bà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní Kémta.